Kóòtù Aláwọ̀ Íǹkì

Lọ́jọ́bọ̀ ni lẹ́tà dé:
kí n wá wọṣẹ́ ní Kábbà lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá,
báńkì kékeré kan lọ́nà Lọ́kọ́jà.
"Ẹ múra bí ọmọ ọ́fíìsì," ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀.
Wọn ò kọ ẹni tí yóò san owó ìmúra.

Mo ṣí àpótí. Àpótí wò mí.
Jíǹsì tó ya lórúnkún, tí mo fowó rà bẹ́ẹ̀,
kákí àgùnbánirọ̀,
léèsì ìsìnkú bàbá wa àgbà
tó ń dán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lódò;
ta ni yóò wọ ìyẹn ka owó olówó?

Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà ló kù lọ́wọ́ mi.
Moróhunmúbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, fi márùn-ún lé e,
ó ní, "Má ra aṣọ ọjọ́ kan.
Ra aṣọ tó mọ ara wọn,
kí síkẹ́ẹ̀tì dúdú lè bá búláòsì mẹ́ta ṣọ̀rẹ́,
kí o má máa là wọ́n níjà ní àárọ̀ kùtù."

Nídìí òkìrìkà, mo bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí.
Aṣọ òyìnbó tó ti kú, tàbí tó kàn sanra, a ò mọ̀.
Mo fa apá kan, odidi kóòtù tẹ̀ lé e jáde,
aláwọ̀ íǹkì, bọ́tìnnì mẹ́ta, ọ̀kan ti sọnù.
Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin wà nínú àpò rẹ̀,
láti ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀.
Mo dá a padà sápò.
Mi ò fẹ́ kí kóòtù gbàgbé ọ̀nà tó gbà wá.

Ọbanijésù télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sí mi léjìká:
"Ìbàdí, a lè bá a ṣàdéhùn.
Èjìká kì í gba ẹ̀bẹ̀."
Ó pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo ní méjì.
A parí rẹ̀ sí méjì ààbọ̀.

Àfi bí ìyá wa àgbà ṣe gbọ́ lápá Bùnú.
Ó fi kíjìpá rán dírẹ́bà,
èyí tó hun lórí òfì tó fara ti ògiri
nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́.
Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ.
Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Kíjìpá ní báńkì kẹ̀?
Ojú tì mí, ojú sì tún ń tì mí pé ojú tì mí.
Lálẹ́ Sátidé mo gbé e tọ Ọbanijésù lọ.
Kò sọ̀rọ̀. Ó fi ṣe inú kóòtù,
ó jẹ́ kó yọ níbi ọrùn ọwọ́,
ìwọ̀n èékánná kan péré.

Ọjọ́ Ajé: bàtà nínú ọ̀rá, sílípáàsì lẹ́sẹ̀,
torí erùpẹ̀ pupa ò mọ ẹni tó ń wọṣẹ́ tuntun.
Lẹ́nu géètì ni mo ti pààrọ̀ wọn.
Mánéjà wò mí látòkè délẹ̀,
ó ní, "Ṣé o mọ owó kà?"
Gbogbo wàhálà mi, ibẹ̀ ló parí sí.

Tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá
ìyá arúgbó kan wá fi owó pamọ́.
"Okún o."
"Okún, mà."
Bí mo ṣe nawọ́ gba owó, ó di apá kóòtù mú,
kò wo ojú mi, ìwọ̀n èékánná yẹn ló ń wò.
"Ta ló hun ún?"
Mo dárúkọ ìyá àgbà.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mọ̀.
Ó máa ń fún òwú le jù."

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo ni mo ní.
Mo ń fọ̀ ọ́ lálẹ́ Ajé, mo ń fọ̀ ọ́ lálẹ́ Ọjọ́rú,
iná kì í sí, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ̀ ọ́.
Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà nínú àpò.
Owó oṣù ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.